Alága Onísìmẹ́ńtì

"Ṣé kánsílọ̀ ló fẹ́ dù ni?" Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ó sì ti sú mi láti máa dáhùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn. Kò du nǹkan kan o. Wọ́n ti wá bá a rí, ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá, àwọn kan tiẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù dání, ó fún gbogbo wọn lómi mu, ó ní kí wọ́n máà bínú. Àmọ́ ojú táwọn èèyàn fi ń wò ó ò yí padà, tí wọ́n bá ti rí i tó gbé ṣọ́bìrì lọ́jọ́ Sátidé tó ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà, wọ́n á ní ìbò ti ń bọ̀ nìyẹn. Ó ń dùn mí gan-an. Nǹkan ti bà jẹ́ débi pé téèyàn bá ṣe dáadáa ládùúgbò ẹ̀, wọ́n á ní ó ní ohun tó ń wá.

Sìmẹ́ńtì ló ń tà. Sìmẹ́ńtì, rọ́ọ̀dù, ìṣó, bándìn wáyà, páànù, ṣọ́bìrì, àti àwọn hẹ́ẹ̀dì páànù tí lébìrà fi ń ru kọnkéré. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà létí títì ní ìlú kan ní Òkè Ògùn, mi ò ní dárúkọ ìlú náà torí ẹni tó bá ti débẹ̀ rí á ti mọ ẹni tí mò ń sọ, òun fúnra ẹ̀ ò sì fẹ́ ariwo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ni mo dàgbà sí, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo máa ń gbà lọ tí a bá ti jáde nílé ìwé, Bọ̀dá ni mo ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Alága torí òun ni alága ẹgbẹ́ lándìlọ́ọ̀dù. Ìyàwó ẹ̀ ń pè é ní Bàbá Ìbejì.

Ọjà títà nílùú kékeré yàtọ̀ sí ti ìlú ńlá o. Ní Ìbàdàn, ẹni tó ra sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ ẹ lónìí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má fojú kanra yín mọ́ láyé. Níbí, ẹni tó o tà á fún láàárọ̀ lẹ máa jọ tò lórí ìlà ìrun Alásàrì, ìyàwó ẹ̀ ló ń ta ẹ̀kọ fún ìyàwó ẹ, ọmọ ẹ̀ àti ọmọ tìẹ jọ wà ní kíláàsì kan náà, tó o bá sì rẹ́ ẹ jẹ, ibi tó o máa sá sí ò sí. Gbogbo ohun tí Bọ̀dá ń ṣe ládùúgbò, láti inú ṣọ́ọ̀bù ló ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyẹn tí wọ́n fi rò pé òṣèlú ni.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń ṣílẹ̀kùn torí àwọn bíríkìlà ò lè dé sáìtì kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìṣó kiri. Ti tírélà tún wà níbẹ̀, òru ló sábà máa ń dé. Tírélà tó bá ru tọ́ọ̀nù 30, báàgì 600 ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó tóbi ju ìyẹn lọ á gbé 900, láti Ibeṣe tàbí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà míì láti Ọ̀bájánà ní Kogí lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó tún títì Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe nígbà ìjọba Mákindé, kìlómítà 65 yẹn, ẹ̀rù ẹ̀ máa ń ba àwọn dẹ́rẹ́bà, tí wọ́n bá sì gbà láti wá, wọ́n á bu owó lé owó ọkọ̀, àwa tó ń rà á lẹ́yọ-lẹ́yọ la máa san án. Tó bá wá dé, àwọn alábàárù á máa já ẹrù, báàgì kan kìlò 50, Bọ̀dá á dúró tì wọ́n pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á máa kà á, á máa sọ ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, orí pákó ni. Kò gbọdọ̀ fara ti ògiri. Èyí tó kọ́kọ́ dé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, torí sìmẹ́ńtì tó bá ti lò tó oṣù mẹ́ta ní sítọ̀, òtútù á ti wọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ilé tí wọ́n bá fi kọ́ ò ní lágbára tó bó ṣe yẹ. Mo ti rí i tó kó èyí tó ti dì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tó máa ń gún un tí wọ́n á sẹ́ ẹ tí wọ́n á rọ ọ́ sínú báàgì míì, ẹni tó ń rà á ò lè mọ̀ láéláé àfi lọ́jọ́ tí ògiri bá lanu.

Ó ń ta àbọ̀ báàgì. Ó ń fi kóńgò tà fún ẹni tó kàn fẹ́ dí ihò tí eku ń gbà wọlé. Èrè orí kóńgò ò tó nǹkan kan rárá, àmọ́ ó ní ìyá arúgbó tó fẹ́ dí ihò eku, báàgì kan ni kó lọ rà ni?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ káàdì. Ilé kíkọ́ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ohun téèyàn ń parí lóṣù mẹ́fà. Ọdún yìí fáúńdéṣọ̀n, ọdún tó ń bọ̀ ó lè dé ojú fèrèsé, ó lè má dé e, ìgbà míì igi á hù nínú yàrá kí wọ́n tó kan òrùlé. Ẹni tó ń ta èlùbọ́, ẹni tó ń gun ọ̀kadà, ẹni tó ń hun aṣọ òkè, bí wọ́n bá ṣe ń rí i ni wọ́n ń mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù, tó bá tó iye tí wọ́n fẹ́ wọ́n á kó sìmẹ́ńtì wọn lẹ́ẹ̀kan náà lọ sórí ilẹ̀, torí tí wọ́n bá ń kó o díẹ̀díẹ̀ pa mọ́ sílé á dì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń gba irú owó báyìí, iye owó tó o mú wá ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀. Bọ̀dá kì í kọ owó, báàgì ló ń kọ. Á ní, "Ìyá, iye tí sìmẹ́ńtì jẹ́ lónìí nìyí, owó yín ra báàgì mẹ́ta, ó ṣẹ́ kù díẹ̀, ṣé kí n dá ṣéńjì padà ni àbí kẹ́ ẹ fi dúró de ọjọ́ míì?" Á kọ báàgì 3 sínú káàdì wọn, á kọ ọ́ sínú ìwé tiẹ̀ náà, á fi ọjọ́ sí i, á ní kí wọ́n tẹ̀ka. Láti ọjọ́ yẹn lọ, báàgì mẹ́ta ni wọ́n ní lọ́wọ́ ẹ̀, ì báà wọ́n, ì báà pọ̀.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì ò kúrò lójú kan, kò sẹ́ni tó ronú sí i. Lọ́dún 2020 a ṣì ń ra báàgì kan ní nǹkan bíi náírà 2,600. Nígbà tí 2023 fi ń parí lọ, ó ti tó bíi 5,000. Ó wá di February 2024, ẹ̀yin náà rántí, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó fò kọjá 10,000, ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, wọ́n ní kó má ju 7,000 sí 8,000 lọ, àmọ́ ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́sẹ̀ yẹn bóyá ó rí i rà ní 8,000.

Àsìkò yẹn ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wọlé wá. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Inú ìdí aṣọ ni wọ́n ti yọ káàdì wọn, wọ́n ti fi lẹ́dà wé e, wọn ò tiẹ̀ jókòó, wọ́n ní, "Alága, mo gbọ́ pé sìmẹ́ńtì ti di góòlù. Ẹ bá mi wò ó, iye tí owó mi bá kù sí, kẹ́ ẹ kó o fún mi, n ó fi ra iṣu."

Bọ̀dá ní, "Ìyá, owó yín ò sí lọ́wọ́ mi."

Ojú ìyá yí padà. Wọ́n ní háà.

Ó ní, "Sìmẹ́ńtì yín ló wà lọ́wọ́ mi. Báàgì 40. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kó o?"

Wọ́n wá jókòó. Wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé, wọ́n tún tú u. Wọ́n ní kí n ka káàdì náà fáwọn, mo fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, 2, 3, 1, 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi pé 40, wọ́n tún ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un kà. Ìgbà tí mo kà á tán, àdúrà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ṣe é fún Bọ̀dá, wọ́n ṣe é fáwọn ìbejì, wọ́n ṣe é fún èmi tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ lọ ra báàgì 40 níta, owó tí wọ́n máa san á tó ìlọ́po méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Káàdì tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan o. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn tàn kálẹ̀, gbogbo àwọn oníkáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́sẹẹsẹ, ohun tó wà ní sítọ̀ ò tó wọn, ó sì ní láti fi owó tuntun ra sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti san owó àtijọ́ sí. Ó ta ilẹ̀ kan tó ń tọ́jú. Ẹnu wọn ò ṣọ̀kan nílé lásìkò yẹn, ìyàwó ẹ̀ bi í léèrè lójú gbogbo wa pé ṣé káàdì làwọn ìbejì máa gbé lọ sí yunifásítì. Mi ò lè sọ pé wọn ò jàre, ilẹ̀ yẹn, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi rà á. Ó pẹ́ kí ara ilé tó tún rọ̀.

Àwọn kan nínú ọjà ní Bọ̀dá ò mọ owó ni, wọ́n ní àwọn dá náírà padà fún oníkáàdì tiwọn, kò sì sí ẹni tó kú. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn, mo sì máa sọ ìdí ẹ̀. Owó táwọn ìyá yẹn ń mú wá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹgbẹ̀rún márùn-ún, òun la fi ń ra ọjà. Tá a bá lọ yá a ní bánkì, èlé wà lórí ẹ̀, 2024 yẹn náà ni báńkì àpapọ̀ gbé èlé tiwọn lọ sókè títí tó fi dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí bánkì máa wá gbé lé oníṣòwò lórí á tún ju ìyẹn lọ. Àwọn ìyá yìí ò gba èlé kankan. Ọdún mélòó ni wọ́n fi yá a lówó láìgba kọ́bọ̀? Tí ọjà bá wá wọ́n, ká wá sọ fún wọn pé náírà tí wọ́n mú wá nígbà yẹn náà la máa dá padà, náírà tí kò ra nǹkan mọ́? Jìbìtì ni mo máa pe ìyẹn, kódà kó jẹ́ gbogbo ọjà ló ń ṣe é.

Ohun kan náà ló ṣe nígbà tí owó tuntun dà wá láàmú ní 2023. Ẹ rántí January àti February yẹn, kó tó di pé ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a lẹ́jọ́ ní March 3 pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́. Onípíọ́ọ̀sì ń gba 2,000 tàbí 3,000 lórí 10,000. Owó èyíkéyìí tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, Bọ̀dá ò gbé e lọ sí bánkì, ẹni tó bá nílò kó fi tiránsífà ránṣẹ́, á fún un ní káàṣì láìyọ kọ́bọ̀, àmọ́ kékeré-kékeré ni kó lè kárí. Aláìsàn àti ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Àwọn kan bínú pé ó fi dù wọ́n, mo rántí.

Ní báyìí kí n wá sọ ti tíránsífọ́mà, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni àrá sán, a gbọ́ gbàù, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára tíránsífọ́mà, ó tán. Wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ iná, wọ́n ní orúkọ wa ti wà lórí ìlà. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, a ṣì wà lórí ìlà. NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná lórílẹ̀-èdè yìí ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé àwọn tó ń pín iná ló ni iṣẹ́ títún tíránsífọ́mà ṣe àti pípààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe ará ìlú. Bọ̀dá mọ̀ ọ́n, òun ló kà á fún wa ní mítìn. Àmọ́ wẹ́dà ò lè ríṣẹ́ ṣe, télọ̀ ò lè lọṣọ, ìyá tó ń ta ẹja yìnyín ti da ẹja nù, ìyá tó ń lọ ata ń fi jẹnẹrétọ̀ lọ ọ́, epo bẹntiróò tí a ń rà ní ìsàlẹ̀ 200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní May 29, 2023, ó fò kọjá 500 lójijì, lẹ́yìn ìyẹn ó tún dé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Èèyàn mélòó ló lè dúró dè wọ́n?

Wọ́n pe mítìn. Ó le. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó dá kọ́bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó tí àwọn dá fún bọ́háòlù lọ́jọ́sí wọlé sí, torí bọ́háòlù ò sí, owó ò sí, àwọn tó gbowó nígbà náà sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wolẹ̀. Ariwo sọ. Ṣé ẹ rí i, ìdí tí ìlú ò fi ń tẹ̀ síwájú nìyẹn, kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò lówó, kì í ṣe pé wọ́n láhun, wọ́n ti dá a rí wọn ò sì rí ẹni tó ṣírò fún wọn.

Bọ̀dá ní òun ò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ìyá tó ń ta ẹja yìnyín jẹ́ akápò, torí ìyẹn ni àìsí iná ń pa lára jù. Ó ní gbogbo orúkọ àti gbogbo ríṣíìtì, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù òun ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, níta, níbi tí ọmọdé á ti kà á. Ó fi ọ̀rá funfun bò ó kí òjò má bàa bà á jẹ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun àti ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni akọ̀wé ń kọ tuntun sí i. Ohun kan tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, orúkọ ò tẹ̀ lé iye owó. Bí ilé ṣe tò ládùúgbò láti ìkóríta ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ilé kìíní, ilé kejì, ẹni tó mú 500 wá lè wà lókè ẹni tó mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún wá torí ilé tiẹ̀ ló ṣáájú. Kò sí ẹni tójú tì láti mú 500 wá. Ẹnìkan mú gaàrí wá, wọ́n tà á, wọ́n kọ iye tí wọ́n tà á.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó náà dá sí i, àmọ́ àwọn yẹn kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn, wọ́n ti fowó ránṣẹ́ sílé rí tó di ti ẹlòmíì. Mo ya ògiri yẹn ní fọ́tò mo fi sí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n sún mọ́ ọn kí wọ́n wá orúkọ ìyá wọn. Ọjọ́ kejì ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Kí wọ́n tó rà á, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ iná tọwọ́ bọ̀wé, torí òfin sọ pé tí ará ìlú bá fẹ́ fowó ara wọn ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó di pé wọ́n lè béèrè owó wọn padà. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á rà á tán, ó di ti ilé iṣẹ́ iná lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáwó lọ́wọ́ báyìí, ẹ má gbàgbé ibí yìí. Ẹ sì mú ẹni tó mọ̀ nípa iná dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á kó lè yẹ inú ẹ̀ wò, torí àwọn kan á sọ fún yín pé kọ́pà ló wà nínú ẹ̀, kó sì jẹ́ àlùmíníọ̀mù. A ra tíránsífọ́mà 300 KVA. Nígbà tí iná dé tí gbogbo ẹ̀ parí, ó pe mítìn, ó ka ìnáwó láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó fi kan owó omi inú ọ̀rá táwọn tó wá gbé e kọ́ mu. Owó díẹ̀ ṣẹ́ kù. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n fi ra mínírà, ó ní rárá, gbogbo ilé ló dá a, gbogbo ilé kọ́ ló wà níbí. Kọ́kọ́rọ́ àti ṣéènì géètì tíránsífọ́mà ni wọ́n fi rà.

Bàbá tó béèrè owó bọ́háòlù, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́.

Iṣẹ́ yòókù mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìjì ṣí òrùlé kíláàsì méjì ní ilé ìwé pírámárì, ó gbé páànù sílẹ̀ ní àwìn fún ẹgbẹ́ òbí, kápẹ́ńtà ò gbowó iṣẹ́, wọ́n sì san owó páànù náà tán, ó pẹ́ ṣá. Píkọ́ọ̀pù tó fi ń gbé sìmẹ́ńtì ti gbé aboyún lọ sí ọsibítù lóru ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn, ìyàwó ẹ̀ á jókòó tì wọ́n. Àwọn ọdẹ àdúgbò, Bọ̀dá ló ń lé owó oṣù wọn kiri ilé dé ilé.

Irú èèyàn báyìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1934. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà dá Offa Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1943. Ará ìlú ló dáwó, nígbà tí gọ́mẹ́ńtì òyìnbó ò kọ́ ọ fún wọn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yẹn náà sì ni àwọn òṣómàáló ti wá, àwọn tó ń gbé aṣọ ní àwìn kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, èèyàn tó ń tajà láwìn gbọ́dọ̀ mọ̀wé kọ, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ ẹ́ àti ẹni tí òun jẹ. Mo gbà pé irú orí bẹ́ẹ̀ ló dára láti tọ́jú owó ìlú.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má kà á kó wá sọ pé ṣé ẹ rí i, ará ìlú lè ṣe é fúnra wọn. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gọ́tà, títì àdúgbò, ọjà, kíkó ìdọ̀tí, kí wọ́n sì bá ìpínlẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ pírámárì àti ìlera. Owó sì ń jáde fún un lóṣooṣù láti Àbújá. July 11, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òkè Ògùn nìkan, ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà níbẹ̀ nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé kí ló dé tí ìyá tó ń ta ẹja yìnyín lè lẹ ríṣíìtì mọ́ ògiri kí gbogbo ayé rí i, táwọn tó ní ọ́fíìsì àti kọ̀ǹpútà àti akápò tó kàwé ò lè lẹ tiwọn? Ògiri wà ní gbogbo sẹkitéríàtì.

Ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ Bọ̀dá o, mi ò ní purọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ̀ ọ́, dókítà ní kó máa sùn. Fóònù ẹ̀ ò lè dákẹ́, ìjà ẹran tó jẹko olóko, ọ̀rọ̀ rẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ omi tí ẹnìkan dà sójúlé ẹnìkejì, òun ni wọ́n ń pè. Èmi àti ìyàwó ẹ̀ ti bá a sọ ọ́ pé kó gbé ipò alága sílẹ̀, ó ti gbà báyìí pé tí sáà yìí bá parí ó tán. Ó ti ń kọ́ ọmọbìnrin kan tó jẹ́ akọ̀wé bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó, NCE ló kà, ìwé ẹ̀ mọ́ ju ti Bọ̀dá lọ, àwọn àgbà kan ń kùn pé obìnrin ni, ó kéré. Èmi wà lẹ́yìn ẹ̀ digbí.

Ní báyìí, kọ́fáàtì tó wà lọ́nà ilé ìwé ló kàn, òjò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan tán, àwọn ọmọ ń fò ó. Sìmẹ́ńtì ti wà nílẹ̀, rọ́ọ̀dù mìlí 12 ti wà nílẹ̀, bíríkìlà méjì ti ní àwọn ò ní gbowó. Òkúta gíráńáìtì ló kù, típà kan péré, àti ẹni tó máa gbé e wá. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tẹ́ ẹ bá ka èyí, ẹ mọ̀ mí, akọ̀wé ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe Alága, orúkọ yín á jáde lára ògiri lọ́jọ́ Jímọ̀.